Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tí Tíṣà Ní Kó Fi Dákẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Àdìjátù, ìyá Mọ́nsúrù tó ń ránṣọ lójú ọ̀nà Ògbóòró ní Ṣakí, kò ní sùúrù, ẹ má bá a jiyàn. Òótọ́ ni. Bí mo bá gbé omi kaná, màá ti ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó hó. Kíá-Kíá ni ìyá mi ń pè mí títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ìkánjú yìí ti bọ́ mi o, mi ò ní purọ́, nítorí pé bí Iléyá bá ku ọ̀la, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo àdúgbò máa ń gbé aṣọ sá wá. Àmọ́ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí, bí mo bá ránṣọ títí ayé, mi ò lè rí i rà padà.

Sọ̀fíyàt ni àbígbẹ̀yìn mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí Ṣùkúrù, bàbá rẹ̀, kú. Mọ́nsúrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá iṣẹ́ lọ sí Kútọnu, àwa méjèèjì la kù nílé. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bó bá la ẹnu kọrin, háà! Èmi kì í yin ọmọ lásán. Bí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán ò bá dáa, màá sọ pé kò dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe wólímọ̀ fún un pé ó ti ka Kùránì tán, iná lọ, máìkì kú, gbogbo àwọn ọmọ yòókù dákẹ́. Sọ̀fíyàt ń kà á lọ ní tirẹ̀. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn odi lọ́hùn-ún gbọ́ ọ ketekete. Alfa Ismaheel tó kọ́ ọ ní kéú ń fi aṣọ nu ojú.

Orí fóònù ló ti rí orin tó gba ọkàn rẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan dúró nínú gbọ̀ngàn ńlá, kò mú máìkì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ ń borí gbogbo dùùrù àti fèrè tí wọ́n ń lù tí wọ́n ń fọn níwájú rẹ̀. Ọ̀pẹ́rà ni wọ́n ń pè é. Mo ní, "Kí ló ń sọ gan-an?" Ó ní, "Mi ò mọ̀, màmá mi, ṣùgbọ́n mo lè ṣe é." Ó sì ṣe é níbẹ̀, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ara mi bù máṣọ. Mùyìbátù, aládùúgbò wa, sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń bèèrè pé ta ló kú.

Lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ó tún rí ìkéde kan. Ilé-ẹ̀kọ́ orin kan ní Èkó fẹ́ gba ọmọ mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á fún wọn níbùgbé, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ. Wọn ò ní gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, Sọ̀fíyàt á sì pé e lóṣù kẹrin. Sátidé kejì oṣù kejì ni ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kò sí òmíràn. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin tí olùkọ́ ti kọ́ ọmọ dáadáa ni kó wá kọ.

"Màmá mi, níbo la ti máa rí olùkọ́ báyìí?" ni ó bi mí.

Mo ní, "Gbé hìjáàbù ẹ, ká lọ."

Ọ̀dọ̀ Alfa Ismaheel la kọ́kọ́ lọ, torí mo rò pé ẹni tó mọ kéú kà á mọ ẹni tó mọ ohùn. Alfa ní irú orin bẹ́ẹ̀ kò bá obìnrin mùsùlùmí mu, pé ìhòòhò ni ohùn obìnrin. Mo ní, "Alfa, lọ́jọ́ wólímọ̀ tẹ́ ẹ fi ń nu ojú, ṣé ẹ̀wù wà lọ́rùn ohùn náà nígbà yẹn?" Ojú ti ọmọ mi, ó fà mí láṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, a lọ bá ọmọkùnrin kan ní Ìṣẹ́yìn tó ní òun ń kọ́ni lórin. Kọ̀ǹpútà ló gbé síwájú wa, ó ní bí ohùn bá ṣe wù kó burú tó, òun á fi ẹ̀rọ tún un ṣe. Mo ní ohùn tiwa ò burú, ó ṣeun. Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́ẹ́dé, ọ̀gá àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ṣakí, ló wá sọ òótọ́ fún wa. Ó gbọ́ Sọ̀fíyàt tán, ó ní, "Ìyá, mo lè pa irọ́ fún yín kí n máa gba tọwọ́ yín. Ọmọ yìí ju agbára mi lọ. Ẹ lọ sí Òkákà, ẹ bèèrè Tíṣà Ọlátúnjí. Ó kọ́ irú orin yìí nígbà èwe rẹ̀, ó sì fi kọ́ni l'Ékòó fún ọgbọ̀n ọdún kó tó wálé wá dáko kajú."

Lọ́jọ́ kejì, a ti wà l'Ókákà kí oòrùn tó mú.

Bàbá tó tínrín, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, la bá nínú oko, tó ń gé ẹ̀ka kajú. Kò jẹ́ ká kí i tán. "Ta ló ní kẹ́ ẹ wá? Mi ò kọ́ èèyàn mọ́." Mo ní, "A ti wá ná, sà. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ kẹ́ ẹ tó lé wa." Sọ̀fíyàt kọrin lábẹ́ igi kajú níbẹ̀. Tíṣà sọ àdá kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Ọmọ ní kò sẹ́ni. Bàbá náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká bà á jẹ́."

Èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù.

Ó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun kan ni òun fẹ́. "Ìyá Mọ́nsúrù, ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe. Ohun tí n kò bá ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ má dá a láṣà. Ṣé ẹ gbà?" Mo ní mo gbà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Àtàláátà Àtàláátà la máa ń lọ. Dùùrù onígi kan wà ní pálọ̀ rẹ̀ tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé e dúró. Mo rò pé ìdí dùùrù yẹn ni ọmọ mi máa bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Orí ẹní ni. Ó ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé odidi iṣu kan lé e níkùn, ó ní kó máa fi èémí gbé iṣu náà sókè, kó máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, iṣu. Ọ̀sẹ̀ kejì, iṣu. Lọ́sẹ̀ kẹta mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Tíṣà, ṣé alábàárù ni ọmọ yìí fẹ́ dà ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mọ́nsúrù, ohùn tí kò ní èémí nídìí, ariwo ni. Ẹ lọ jókòó." Mo jókòó, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò jókòó.

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kejìlá, mo rí ohun tí iṣu ń ṣe. Sọ̀fíyàt á la ẹnu, ohùn á jáde wẹ́rẹ́, á máa gòkè, á máa gòkè, kò ní já. Tíṣà á gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, á kàn máa wò ó. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé látìgbà tí òun ti ń kọ́ni, òun ò tíì rí irú ẹ̀, pé bí wọn ò bá gba ọmọ yìí l'Ékòó, wọn ò ní ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àpò mi sínú mọ́tò.

Oṣù kìn-ín-ní ni ọyẹ́ dé. Ẹ mọ ọyẹ́ Òkè-Ògùn: ètè á bẹ́, wọ́n á máa jó igbó, eruku pupa á máa wọ ni nímú. Ikọ́ mú Sọ̀fíyàt. Ikọ́ náà lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Bó bá ti dé òkè, á já pàrà.

Tíṣà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ti dùùrù. "Ó ti rẹ ohùn náà ni. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Kó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kò gbọdọ̀ kọrin, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá, rárá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó máa mu. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, kó pa ẹnu dé, kó kùn díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó lè mọ ibi tí ara ohùn náà dé. Lẹ́yìn náà, kó tún dákẹ́ títí ọjọ́ mẹ́rìnlá á fi pé." Ó wá kọjú sí ọmọ náà. "Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ kan, bí o bá pariwo, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Ìdánwò á sì ti kọjá. Ṣé o gbọ́?" Ọmọ mi mi orí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Ọjọ́ mẹ́rìnlá kẹ̀! Tíṣà, ọjọ́ méjìdínlógún ló kù."

"Mo mọ̀, Ìyá Mọ́nsúrù. Mo ti kà á."

Ilé wa dákẹ́ bí ilé tí kò sẹ́nìkan. Bí mo bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, orí ló máa mì. Ó fi okùn so ìwé jọ́tà kékeré kan mọ́rùn, bó bá fẹ́ nǹkan á kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ Mùyìbátù á wá kà á fún mi, torí ilé-kéú nìkan ni èmi lọ, mi ò mọ ìwé Yorùbá kà. Láràárọ̀, mo máa ń ní kó yanu kí n wò ó. Kí ni mo mọ̀ tí mo ń wò? Lọ́jọ́ kẹjọ, mo pe Mùyìbátù kó wá bá mi wò ó. Mùyìbátù wò ó, ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, bẹ́lubẹ́lu nìyẹn o."

Bẹ́lubẹ́lu ni ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ lókè ọ̀fun. Nílé tiwa, wọn kì í fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ọjọ́ tí a bá sọ ọmọ lórúkọ ni onígbàjámọ̀ máa ń fá orí rẹ̀, tí á sì gé bẹ́lubẹ́lu rẹ̀, kó má baà máa wúkọ́, kó má baà fún un lọ́rùn lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n gé tèmi. Wọ́n gé ti Mọ́nsúrù. Sọ̀fíyàt nìkan la ò gé tirẹ̀, torí oṣù kò pé tí mo fi bí i, ó kéré jọjọ, bàbá rẹ̀ ní ká fi í sílẹ̀ ná. A fi í sílẹ̀ títí a fi gbàgbé. Nígbà tí Mùyìbátù dárúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, èmi ni mo jẹ ọmọ yìí ní gbèsè ohun tí gbogbo ọmọ ní. Ìyẹn ló ń dí i lọ́nà! Tíṣà mọ orin, kò mọ ọ̀fun. Ta ní ń fi ìdákẹ́jẹ́ wo ọ̀fun?

Ní ọjọ́ kẹwàá, tó jẹ́ Àlàmíìsì, mo jáde ní kùtùkùtù lọ sí Sábó, mo sì mú onígbàjámọ̀ kan wálé. Àgbà Hausa kan ni, ó ti gé ti ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ṣakí, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni, mi ò ní fi tèmi rù ú. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọ náà lẹ́nu, ó wò ó títí. Ó ní, "Màmá, kò wú o. Ọmọ yìí sì ti dàgbà. Ti ọmọ ọwọ́ ni mo mọ̀ jù."

Mo ní, "Ṣé o ò lè ṣe é kí n lọ pe ẹlòmíràn?"

Ó ní òun lè ṣe é.

Mo ní, "Ó yá, gé e dé ìdí. Mi ò fẹ́ kó ṣẹ́kù kó tún máa yọ ọ́ lẹ́nu."

Sọ̀fíyàt ti dìde. Ó ń mi orí. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Mo ní kó má ṣe bí ọmọdé, kò ní dùn ún ju kí abẹ́rẹ́ gúnni lọ. Ló bá já ìwé nínú jọ́tà, ó kọ nǹkan sí i kíákíá, ó nà án sí mi, ó ń fi ìka tọ́ka sí ilé Mùyìbátù. Ọmọ Mùyìbátù wà nílé-ìwé, kò ní dé títí di ọ̀sán. Ọkùnrin yìí ti ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀. Mo gba ìwé náà, mo sọ ọ́ sínú agolo tí mo ń kó bọ́tìnnì sí. Mo ní, "A ó kà á tó bá yá. Yanu."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́. Ọmọ náà lè pariwo. Bó bá ké "màmá mi" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ mi ì bá wálẹ̀. Àmọ́ ariwo kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Ó wo ojú mi. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó yanu.

Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú abọ́, onígbàjámọ̀ bu oògùn sójú egbò náà, ó tán. Nígbà tí ọmọ Mùyìbátù dé lọ́sàn-án, mo ti gbàgbé ìwé. Aṣọ ìsìnkú àwọn kan ló wà níwájú mi tí mo ń kánjú rán.

Láti ọjọ́ yẹn ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú rẹ̀ jáde bó bá ń mu ún. Mo ní egbò ni, á jinná.

Ní Àtàláátà, a dé Òkákà. Tíṣà ti nu dùùrù, ó wọ ẹ̀wù funfun. Inú rẹ̀ dùn. "Ó káre, Sọ̀fíyàt! Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, o ò sọ̀rọ̀. Mo mọ àgbàlagbà tí kò lè ṣe é. Ó yá, fún mi ní èyí." Ó tẹ dùùrù. Ọmọ mi fa èémí, ó la ẹnu.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Imú ni gbogbo rẹ̀ gbà jáde. Kò ha, kò já. Afẹ́fẹ́ lásán ni, pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín kan tó ń ráre nínú rẹ̀. Tíṣà ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Tíṣà dìde, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní kó yanu. Ó wò ó, ó pa tọ́ọ̀ṣì náà.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Mo ti bá a gé bẹ́lubẹ́lu rẹ̀. Òun ló ń dí i lọ́nà látọjọ́ yìí." Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Ó jókòó. Kò bínú, ì bá bínú kó sàn fún mi. Ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹran yẹn àti awọ tó so mọ́ ọn ló máa ń dí ọ̀nà imú bí èèyàn bá ń kọrin, kí ohùn lè gba ẹnu. Wọ́n ti gé e dé inú awọ." Mo ní báwo la ṣe máa tún un ṣe, ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní, "Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ìyẹn nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe." Ó ti dùùrù, kò sì ṣí i mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Bí aṣọ bá wà nílẹ̀, mo máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, torí aṣọ tí a bá gé kù kì í gùn mọ́. Èmi tí mi ò jẹ́ ba ọ̀pá aṣọ kan jẹ́ fún ẹlòmíràn rí.

Sátidé ìdánwò, ilé la wà. Sọ̀fíyàt lọ hìjáàbù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó to gbogbo rẹ̀ lé ara wọn, kò wo ibi tí mo wà. Lẹ́yìn náà, a lọ bá dókítà kan n'Íbàdàn. Ó ní àwọn lè bá a rán an, omi lè má gba imú rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì já gaara sí i. Ti orin, kò ṣèlérí. Owó iṣẹ́ abẹ náà la ṣì ń kó jọ. Àwọn aládùúgbò ń wá kí mi, wọ́n ní kí n gba kádàrá. Kádàrá kọ́. Èmi ni. Mo mọ ọjọ́, mo mọ wákàtí.

Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kírun, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn tó ń gba imú yẹn. Jọ́tà ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ Mùyìbátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló wá ń dúró láàárín èmi àti ọmọ mi, tó ń kà á fún mi pé, "Wọ́n ní òwú funfun ti tán." Ìwé tó wà nínú agolo bọ́tìnnì nìkan ni mi ò fún un kà. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé ó gbé mi ṣépè níbẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n ní wọ́n ti ṣí kíláàsì àgbàlagbà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, mo lọ forúkọ sílẹ̀. Èmi Kíá-Kíá, mo jókòó sórí àga àwọn ọmọ kéékèèké, mo ń pe á, bí, dí. Lálákọ̀ọ́kọ́, mo ń bá olùkọ́ jà pé ó ń fi falẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Oṣù márùn-ún ló gbà mí kí n tó lè ka gbólóhùn kan já.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Sọ̀fíyàt wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Mo da bọ́tìnnì sílẹ̀, mo tẹ́ ìwé náà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí èpè níbẹ̀. Mo fi ìka lé e, mo ń kà á síta, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan:

"Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gé e. Ọjọ́ kẹwàá lòní. Nígbà tẹ́ ẹ jáde láàárọ̀, mo kùn ún bí Tíṣà ṣe ní kí n ṣe. Kò ha mọ́. Ó ti padà."

Mo kà á tán, mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bóyá mo ṣì í kà. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ọmọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

"Ẹ ò ṣì í kà, màmá mi," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́."

Imú ni ohùn náà gbà jáde. Ó gbé bàsíà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń bá mi ṣa bọ́tìnnì.